Ta Ló Sọ Pé Àwọn Méjèèjì Dọ́gba? Àgbéyẹ̀wò Ìfiwéra Ọ́bújẹ́ẹ̀tì Nínú Ètò Kọ̀ǹpútà

Ẹ tẹ Ṣakí sínú kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ Saki tẹ̀ lé e, kí ẹ sì tẹ Shaki. Kò sí ọmọ Òkè-Ògùn tí yóò béèrè pé ìlú wo lẹ̀ ń sọ, ṣùgbọ́n ìlú mẹ́ta ni kọ̀ǹpútà rí. Bí wọ́n bá kọ orúkọ aláìsàn kan sílẹ̀ lábẹ́ Ṣakí, tí ẹni tó ń wá a sì tẹ Shaki, ohun tí ẹ̀rọ yóò sọ fún un ni pé kò sí irú aláìsàn bẹ́ẹ̀. Bákan náà ni Ìpàpó, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìtẹ̀síwájú: ẹni tó fi àmì sí i àti ẹni tí kò fi sí i ti kọ orúkọ ìlú méjì lójú ẹ̀rọ.

Nínú ọ̀nà ìkọ̀wé ètò tó gbòde jù lónìí, gbogbo nǹkan la ń sọ di ọ́bújẹ́ẹ̀tì: aláìsàn kan, iye owó kan, déètì kan, àpò àgbàdo kan. Inú ọ́bújẹ́ẹ̀tì ni ìsọfúnni nípa nǹkan náà wà pẹ̀lú àwọn iṣẹ́ tó lè ṣe, kíláàsì ló sì ń sọ irú nǹkan tó jẹ́. Ètò kì í tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ tí yóò fi ní láti béèrè bóyá eléyìí àti ìyẹn dọ́gba. Ìbéèrè náà kúrú, ṣùgbọ́n láti 1967 ni àwọn onímọ̀ ti ń fà á mọ́ra wọn lọ́wọ́. Èrò tèmi ni pé ẹ̀rọ kò lè dáhùn rẹ̀ fún wa. Ẹni tó kọ kíláàsì ló gbọ́dọ̀ pinnu, kó sì wo iṣẹ́ tó fẹ́ fi kíláàsì náà ṣe kó tó pinnu. Bí kò bá pinnu, èdè tó ń lò ti bá a pinnu, ó sì lè má mọ̀ títí di ọjọ́ tí àkọsílẹ̀ bá dàrú.

Simula 67, tí Ole-Johan Dahl àti Kristen Nygaard ṣe ní Oslo, ni èdè àkọ́kọ́ tó ní kíláàsì àti ọ́bújẹ́ẹ̀tì. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ya ìbéèrè méjì sọ́tọ̀. Nínú rẹ̀, bí ẹ bá fi àmì = wé ọ̀rọ̀ méjì, ẹ ń béèrè bóyá ohun tí wọ́n kó sínú bára mu. Bí ẹ bá fi àmì ==, ẹ ń béèrè bóyá nǹkan kan ṣoṣo lẹ̀ ń tọ́ka sí lẹ́ẹ̀mejì. Smalltalk, tí Alan Kay àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Xerox PARC, gba ọ̀nà kan náà. Common Lisp kò dúró lórí méjì rárá: ó ní eq, eql, equal àti equalp, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń gba nǹkan púpọ̀ mọ́ra ju èyí tó ṣáájú rẹ̀ lọ. Àwọn kan ka mẹ́rin yìí sí àṣejù. Èmi rí i gẹ́gẹ́ bí òtítọ́ ọ̀rọ̀, nítorí wọ́n jẹ́wọ́ pé ìdọ́gba ju ẹyọ kan lọ, wọ́n sì fi yíyàn sọ́wọ́ ẹni tó ń kọ ètò.

Java, tó jáde ní 1996, fi == fún ìfiwéra àdírẹ́sì nínú mẹ́mọ́rì, ó sì fún gbogbo kíláàsì ní iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ equals. Ṣùgbọ́n equals tí kíláàsì bá bá nílẹ̀ kò ṣe ju ohun tí == ń ṣe lọ. Bí ẹ kò bá tún un kọ fúnra yín, aláìsàn kan tí ẹ kà jáde láti inú àkọsílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì yóò di ènìyàn méjì. Èyí tó tún léwu jù ni ti nọ́ńbà. Láti Java 5 ní 2004, bí ẹ bá kọ 127 sínú Integer méjì tí ẹ sì fi == wé wọn, Java á ní ọ̀kan náà ni wọ́n. Ẹ kọ 128, á ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìdí ni pé Java ti tọ́jú àwọn nọ́ńbà láti -128 dé 127 sílẹ̀, èyí tó wà nílẹ̀ ló sì ń pín fún gbogbo ẹni tó bá béèrè. Bí nọ́ńbà bá ti kọjá ibẹ̀, tuntun ló sábà máa ń ṣe. Ẹ ro ó wò ná: ètò tí wọ́n fi nọ́ńbà káàdì láti 1 dé 100 dán wò ní ilé ìtọ́jú kékeré kan yóò ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹni kejìdínláàádóje ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sọnù nínú ètò, kò sì sẹ́ni tó máa rántí pé inú àmì == ni ẹ̀bi wà.

Python sàn díẹ̀ níbí, nítorí == rẹ̀ ń wo ohun inú, ọ̀rọ̀ náà is ló sì ń wo bóyá nǹkan kan ṣoṣo ni. Láti ẹ̀yà 3.8, ó tilẹ̀ máa ń kìlọ̀ fún ẹni tó bá fi is wé nọ́ńbà tó kọ sílẹ̀ ní tààrà. Ti JavaScript, tí Brendan Eich kọ ní 1995, ló le jù. Àmì == rẹ̀ máa ń yí irú ohun kan sí òmíràn kó tó fi wọ́n wéra, débi pé ọ̀rọ̀ "0" àti nọ́ńbà 0 dọ́gba; ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n fi === kún un lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n bóyá == lẹ lò tàbí ===, ọ́bújẹ́ẹ̀tì méjì tí ohun inú wọn bára mu délẹ̀délẹ̀ kò ní dọ́gba ní JavaScript láé. Ọwọ́ ara yín lẹ máa fi kọ ìfiwéra yẹn.

Gbogbo èyí jẹ́ ti èdè kọ̀ǹpútà. Ìṣòro tó jinlẹ̀ wà nínú ayé tí a fẹ́ kọ sínú ètò, ilẹ̀ Yorùbá sì ni ibi tó dára jù láti fi yé ara wa. Gbogbo ayé ló mọ Igbó-Ọrà ní Ìbàràpá sí ìlú ìbejì, ìbejì sì pọ̀ káàkiri ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ká ní ọ̀dọ́ kan ní Ìpàpó ń kọ ètò tí yóò máa tọ́jú àkọsílẹ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọdé. Ó fẹ́ dènà kí wọ́n má kọ ọmọ kan lẹ́ẹ̀mejì, ó wá ní ọmọ méjì dọ́gba bí orúkọ bàbá wọn, ọjọ́ ìbí wọn àti nọ́ńbà fóònù ìyá wọn bá ti bára mu. Lójú àwọn tó kọ ìwé ìkọ́ni ní ìlú òyìnbó, ìyẹn tó. Ní Ìpàpó, Táíwò àti Kẹ́hìndé ti di ọmọ kan nìyẹn. Wọ́n á gún Táíwò ní abẹ́rẹ́, ètò á sì ní Kẹ́hìndé ti gba tirẹ̀.

Ẹ lè ní kó fi orúkọ ọmọ fúnra rẹ̀ kún un. Ó dáa, ṣùgbọ́n Táíwò kì í ṣe orúkọ tí ẹnì kan ń yàn. Gbogbo àkọ́bí nínú ìbejì ló ń jẹ́ ẹ, ọkùnrin tàbí obìnrin. Ìyàwó méjì nínú agbo ilé kan lè bí ìbejì, Táíwò méjì á sì wà lábẹ́ orúkọ bàbá kan. Ọjọ́ ìbí ńkọ́? Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tí wọn kò kọ ọjọ́ ìbí wọn sílẹ̀ ni akọ̀wé ti fún ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní. Nọ́ńbà fóònù ńkọ́? Fóònù kan lè jẹ́ ti gbogbo ilé. Ẹ máa kó àbùdá jọ títí, kò sí iye tó máa sọ ènìyàn di ẹni tó jẹ́.

Ní 2003, Eric Evans kọ ìwé kan tó pe orúkọ rẹ̀ ní Domain-Driven Design, ó sì fi ọ̀nà tó mọ́ gaara hàn níbẹ̀. Àwọn ọ́bújẹ́ẹ̀tì kan wà tí wọ́n ń bá ara wọn lọ láti ọjọ́ dé ọjọ́ bí gbogbo àbùdá wọn tilẹ̀ yí padà: ènìyàn, oko, ọkọ̀, ìlú. Ìwọ̀nyí gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà ìdánimọ̀, nọ́ńbà yẹn nìkan la sì gbọ́dọ̀ fi wé wọn. Àwọn mìíràn wà tí kò sí nǹkan kan lẹ́yìn ohun tí wọ́n kó sínú: iye owó, déètì, ìwọ̀n. Ohun inú ni a fi ń wé àwọn yẹn. Henry Baker ti gba ibòmíràn dé ibi tó sún mọ́ ọn nínú àpilẹ̀kọ rẹ̀ ti 1993: ohun tó lè yí padà, ẹ wò ó bóyá ọ̀kan náà ni, ohun tí kò lè yí padà, ẹ wo inú rẹ̀.

Ìlànà yẹn dára, àmọ́ iṣẹ́ tí a fẹ́ ṣe ló tún máa sọ apá tí nǹkan bọ́ sí. Owó bébà ₦1,000 méjì dọ́gba lọ́wọ́ ẹni tó ń ra iṣu lọ́jà. Ní Báńkì Àpapọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, báńkì tó bá sì kà wọ́n sí ọ̀kan náà kò ní rí ayédèrú mú. Kíláàsì méjì ni kí ẹ kọ fún iṣẹ́ méjì yìí. Ẹni tó fẹ́ fi kíláàsì kan ṣe méjèèjì yóò kọ equals tí kò tẹ́ ẹnikẹ́ni lọ́rùn.

Nàìjíríà ti ná owó púpọ̀ lórí ìbéèrè yìí kan náà. Òfin tó dá NIMC, àjọ tó ń rí sí ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, sílẹ̀ wáyé ní 2007, nọ́ńbà ìdánimọ̀ NIN tó ń fún wa sì jẹ́ díjíìtì 11. Ní 2014 ni àwọn báńkì mú BVN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ oníbàárà wọn, wá, díjíìtì 11 lòun náà. Ìdí tí wọ́n fi nílò wọn hàn kedere nígbà tí àjọ elétò ìdìbò, INEC, yẹ ìforúkọsílẹ̀ olùdìbò wò kí ìdìbò 2023 tó dé. Nínú 12,298,944 tó parí ìforúkọsílẹ̀, INEC yọ 2,780,756 kúrò, ìdá 22.6 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ àti àwọn tí ọjọ́ orí wọn kò tíì tó wà lára wọn. Ìka ọwọ́ àti ojú ni ẹ̀rọ wọn fi wé ara wọn, wọn kò gbé e lé orúkọ àti ọjọ́ ìbí. Ìka ọwọ́ ìbejì tó jọra délẹ̀délẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà, ìyẹn sì yọ Kẹ́hìndé nínú ewu.

Bí ẹ bá ti wá pinnu ohun tí ìdọ́gba jẹ́, òfin mẹ́rin wà tí equals kò gbọ́dọ̀ rú. Joshua Bloch ṣàlàyé wọn nínú Effective Java ní 2001 débi pé ìwé náà di ohun tí ọ̀pọ̀ ń tọ́ka sí. Ohunkóhun gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú ara rẹ̀. Bí A bá dọ́gba pẹ̀lú B, B gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú A. Bí A bá dọ́gba pẹ̀lú B, tí B sì dọ́gba pẹ̀lú D, A àti D dọ́gba. Bí ohunkóhun kò bá yí padà, èsì kò gbọ́dọ̀ yí padà. Ó dùn ún gbọ́, kò sì ṣòro láti gbà, ṣùgbọ́n àwọn tó kọ Java fúnra wọn kò pa wọ́n mọ́. Kíláàsì Timestamp wọn jẹ́ ọmọ fún Date. Bí ẹ bá bi Date bóyá ó dọ́gba pẹ̀lú Timestamp, ó lè ní bẹ́ẹ̀ ni. Bí ẹ bá bi Timestamp, á ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ ni pé kíláàsì ọmọ mú àbùdá tuntun wá tí kíláàsì òbí kò mọ̀. Bloch fi hàn pé kò sí ọgbọ́n tí a lè dá sí i níwọ̀n ìgbà tí ọmọ bá ń fi àbùdá kún ohun tí a fi ń wé. Ìmọ̀ràn tó dára ni pé kí kíláàsì tó jẹ́ ti iye má ṣe bí ọmọ.

Ti URL, kíláàsì Java fún àdírẹ́sì orí íntánẹ́ẹ̀tì, ló sún mọ́ wa jù. Nígbà tí Java bá fẹ́ fi URL méjì wéra, ó máa ń wọ orí íntánẹ́ẹ̀tì láti wo bóyá orúkọ méjèèjì já sí kọ̀ǹpútà kan náà. Bí kò bá rí wọn, orúkọ nìkan ló máa wò. Ìyẹn ni pé ohun méjì lè dọ́gba láàárọ̀ nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà, kí wọ́n má dọ́gba mọ́ lọ́sàn-án nígbà tí ó lọ. Ẹnikẹ́ni tó bá ti lo fóònù ní Òkè-Ògùn mọ bí ìyẹn ṣe máa rí. Ẹ lo kíláàsì URI dípò rẹ̀.

Alábàáṣe equals ni hashCode, nọ́ńbà tí ètò fi ń mọ àpótí tí yóò kó ọ́bújẹ́ẹ̀tì sí kó lè tètè rí i. Ohun méjì tó dọ́gba gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà kan náà. Bí àbùdá tí ẹ fi ṣírò rẹ̀ bá yí padà lẹ́yìn tí ẹ ti kó o sínú àpótí, inú àpótí àtijọ́ ló wà, ẹ óò sì máa wá a nínú tuntun. Obìnrin tó lọ́kọ tó sì gba orúkọ ọkọ rẹ̀ ló máa jìyà èyí. Ó wà nínú ètò, ṣùgbọ́n ètò kò rí i mọ́. Python 3 gbìyànjú láti dènà irú rẹ̀: kíláàsì tó bá kọ ìdọ́gba tirẹ̀ láìkọ hash, Python á kọ̀ kí wọ́n fi ọ́bújẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣe kọ́kọ́rọ́.

Ní ti owó, ẹ kíyè sí BigDecimal, kíláàsì Java tí a sábà fi ń ṣírò rẹ̀. Lójú equals rẹ̀, 500.0 àti 500.00 kò dọ́gba. Lójú compareTo, iṣẹ́ ìfiwéra mìíràn tó ní, wọ́n dọ́gba. Ẹni tó ń ṣírò owó ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ gbọ́dọ̀ yan ọ̀kan kó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Mo padà sórí orúkọ, nítorí ibẹ̀ ni àwa tó ń kọ Yorùbá ti ń jìyà ohun tí ọ̀pọ̀ ìwé ìkọ́ni kò mẹ́nu bà. Ẹ jẹ́ ká mú lẹ́tà kan ṣoṣo, ẹ́. Unicode fún ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, U+1EB9, nítorí àwọn ará Vietnam náà ń lò ó. Ṣùgbọ́n àmì abẹ́ lẹ́tà jẹ́ àmì ohùn fún wọn, wọn kì í sì fi àmì ohùn kejì lé e. Nítorí náà kò sí nọ́ńbà kankan fún ẹ́ lódindi. A lè kọ ọ́ bí ẹ tí àmì òkè tẹ̀ lé. A lè kọ ọ́ bí é tí àmì abẹ́ tẹ̀ lé. A lè kọ e lásán, kí a fi àmì abẹ́ ṣáájú tàbí kí a fi àmì òkè ṣáájú. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rí bákan náà lójú ènìyàn, kò sì sí èyí tó dọ́gba pẹ̀lú èkejì lójú equals. Kẹ́hìndé tí wọ́n tẹ̀ lórí fóònù kan ní Ìpàpó àti Kẹ́hìndé tí wọ́n tẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà kan ní Ìbàdàn lè máà dọ́gba láé.

Ìwòsàn èyí wà. Unicode ní ìlànà tó ń sọ gbogbo ọ̀nà mẹ́rin yẹn di ẹyọ kan. Java fi í sínú kíláàsì Normalizer láti ẹ̀yà 6, Python fi í sínú unicodedata. Ẹ jẹ́ kí ètò yín ṣe é ní ẹnu ọ̀nà, nígbà tí orúkọ ń wọlé, kó má jẹ́ ìgbà ìfiwéra nìkan. Ṣùgbọ́n ìwòsàn náà kò dé ibi gbogbo. Àwọn kan ń fi ìlà kékeré, U+0329, sábẹ́ lẹ́tà dípò U+0323 tó jẹ́ àmì roboto, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe rí i nínú ìwé àtijọ́. Unicode ka àmì méjèèjì sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ìlànà rẹ̀ kò sì ní so wọ́n pọ̀. Fún Yorùbá, ọ̀kan náà ni wọ́n. Àwa fúnra wa la gbọ́dọ̀ kọ ìyẹn sínú ètò wa, mo sì fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń kọ ètò fún Yorùbá fi ẹnu kò lórí rẹ̀.

Àwọn kan ń yanjú gbogbo rẹ̀ nípa yíyọ àmì kúrò pátápátá. Wọ́n tètè dé ìparí ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀, ọkọ àti oko di nǹkan kan. Nínú àkọsílẹ̀ ohun èlò àwọn àgbẹ̀, ìyẹn kò ṣeé gbà. Ọ̀nà tó tọ́ ni kí ìfiwéra ní ìpele: ìpele kan tó ń wo gbogbo àmì, tí a fi ń pinnu, ìpele kejì tó gbójú kúrò lára àmì ohùn ṣùgbọ́n tó ya ẹ sọ́tọ̀ kúrò lára e, ìpele kẹta tó gbójú kúrò lára gbogbo àmì, tí a fi ń wá nǹkan nìkan, kí ẹni tó tẹ orúkọ láìfi àmì sí i lè rí ohun tó ń wá. Ní ti Ṣakí àti Shaki, èmi kò ní kọ òfin pé sh di ṣ níbi gbogbo. Ìlú jẹ́ ọ́bújẹ́ẹ̀tì tó ní nọ́ńbà ìdánimọ̀, kí Ṣakí, Saki àti Shaki jẹ́ orúkọ mẹ́ta tó ń jẹ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà jù ni fífi ìjọra sípò ìdọ́gba. Ivan Fellegi àti Alan Sunter ti fi ìṣirò lélẹ̀ ní 1969 fún bí a ṣe ń mọ̀ pé àkọsílẹ̀ méjì ṣeé ṣe kó jẹ́ ti ẹnì kan. Iṣẹ́ ńlá ni, àwọn tó ń ṣe ìkànìyàn sì ń lò ó. Ṣùgbọ́n ohun tó ń bí ni iye tó ṣeé ṣe kó rí bẹ́ẹ̀, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí ẹ bá ní orúkọ méjì dọ́gba nígbà tí lẹ́tà kan ṣoṣo bá yàtọ̀, Adeoye dọ́gba pẹ̀lú Adeoya, Adeoya dọ́gba pẹ̀lú Adeola, Adeoye àti Adeola kò sì dọ́gba. Òfin kẹta Bloch ti fọ́. Ohun tí ètò máa kà sí ọ̀kan náà yóò wá dúró lórí èyí tó kọ́kọ́ wọlé. Ẹ fi ìjọra sínú iṣẹ́ mìíràn, ẹ má ṣe fi í sínú equals.

Àwọn èdè tuntun ti mú apá kan nínú iṣẹ́ yìí fúyẹ́. Kotlin sọ == di ìfiwéra ohun inú, ó sì fi === fún ìbéèrè bóyá nǹkan kan ṣoṣo ni. C# 9 ní 2020 àti Java 16 ní 2021 mú record wá, tó ń kọ ìdọ́gba fún wa láti inú gbogbo àbùdá. Fún owó àti déètì, mo gba gbogbo ènìyàn níyànjú láti lò ó. Fún ènìyàn, rárá, nítorí record tó ní àbùdá aláìsàn yóò sọ ẹni tó yí nọ́ńbà fóònù rẹ̀ padà di ẹlòmíràn.

Ó ku ibi tí nọ́ńbà ìdánimọ̀ yóò ti wá. Ọ̀pọ̀ ètò ń dúró de àpótí ìsọfúnni tó wà lókèèrè kó tó fún ọ́bújẹ́ẹ̀tì ní nọ́ńbà. Níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dúró, ọmọ tí wọ́n kọ láàárọ̀ lè wà láìní nọ́ńbà títí di alẹ́, gbogbo àwọn tí kò ní nọ́ńbà á sì dọ́gba tàbí kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má dọ́gba. UUID, nọ́ńbà gígùn tó jẹ́ bíìtì 128, yọ wá nínú èyí: fóònù tó wà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì lè ṣe é lójú ẹsẹ̀ láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ewu tó kù ni pé nọ́ọ̀sì méjì lè fún ọmọ kan ní UUID méjì. Nígbà náà, ẹ má ṣe tún equals kọ kó lè sọ wọ́n di ọ̀kan. Ẹ kọ ìsopọ̀ kan sílẹ̀ pé àkọsílẹ̀ méjèèjì jẹ́ ti ẹnì kan, ẹ kọ orúkọ ẹni tó pinnu bẹ́ẹ̀ àti ọjọ́ tó pinnu, kí ẹlòmíràn lè tú u bó bá hàn lẹ́yìn náà pé ìbejì ni wọ́n.